micro-ROS: Ta Ni Yóò Dá Rọ́bọ́ọ̀tì Dúró?

Lónìí, micro-ROS ni mo fẹ́ gbé lé òṣùwọ̀n.

Ẹ mọ ROS: sọ́fítíwià tó ń jẹ́ kí apá tó ń ríran lára rọ́bọ́ọ̀tì, apá tó ń ronú àti apá tó ń yí táyà lè máa ránṣẹ́ síra wọn. ROS 2, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 2017, kọ̀ǹpútà gidi ló ń fẹ́, bíi èyí tó ń lo Linux. Bọ́ọ̀dù ESP32 sì rèé, 520 KB péré ni ìrántí rẹ̀. Raspberry Pi Pico, tí wọ́n ń tà ní dọ́là 4 nígbà tó jáde ní 2021, 264 KB ló ní. Àgbàdo inú ìgò ni ROS 2 jẹ́ fún irú wọn.

micro-ROS ló ṣí ìgò yẹn. Èdè C ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì máa ń pín ìrántí sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí àyè má baà tán lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni, mo kí wọn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bọ́ọ̀dù yìí kì í bá ROS 2 sọ̀rọ̀ tààrà. Alárinà kan wà tí wọ́n ń pè ní Agent, orí kọ̀ǹpútà tó tóbi jù ú lọ ló sì ń gbé. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Ẹni tó bá ní dọ́là 4 ti tó láti fi ṣe rọ́bọ́ọ̀tì ROS 2, kò tíì ka owó ilé alárinà.

Ti owó ṣì kéré. Bí Wi-Fi bá já ńkọ́? Ká ní àṣẹ tó dé kẹ́yìn ni pé kí táyà máa sáré mítà 0.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹni tó kọ ètò náà kò bá sọ ohun mìíràn, táyà á máa yí lọ ni. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, mítà méjì nìyẹn, bóyá ògiri ló wà níwájú, bóyá ọmọ ẹlòmíràn.

micro-ROS ní irinṣẹ́ tí bọ́ọ̀dù lè fi bèèrè bóyá Agent ṣì wà láàyè. Àpẹẹrẹ bí a ṣe ń tún sopọ̀ náà wà. Ẹjọ́ tí mo bá wọn rò ni pé ẹnu ọ̀nà kọ́ ni wọ́n gbé e sí. Nọ́ńbà lásán ni àpẹẹrẹ tí ọmọ tuntun ń kọ́kọ́ bá pàdé ń fi ránṣẹ́, ó sì ń rò pé ó ti parí nìyẹn.

Ojú tèmi rèé: orí bọ́ọ̀dù kékeré ni àṣẹ ìdúró gbọ́dọ̀ máa gbé. Bí ìṣẹ́jú àáyá 0.3 bá kọjá láìsí àṣẹ tuntun, kí táyà dúró. Sẹ̀ǹtímítà 15 péré ló máa rìn kó tó dúró. Ẹ má sì fi aago yẹn sínú ibi tí ètò ti ń dúró de ìdáhùn Agent o, torí bí Agent bá kú, aago náà á máa dúró dè é ni.

Èyí tí ẹ bá ń ṣe lọ́wọ́, ẹ gbé e lé búlọ́ọ̀kù kí táyà má kan ilẹ̀. Ẹ pa Agent lójijì, kí ẹ wá máa wo táyà.