T. K. E. Phillips àti Orin Tí Kò Gbọdọ̀ Ba Ọ̀rọ̀ Jẹ́

Ẹni tó bá jókòó sáàárín ìjọ Áńgílíkà láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tó sì fetí sí orin dáadáa, yóò gbọ́ ibi tí ‘ẹ̀ṣẹ̀’ ti di ‘ẹ̀ṣẹ́’ lẹ́nu àwọn tó ń tọrọ ìdáríjì. Ohùn orin ló gòkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Àwọn míṣọ́nárì àti àwọn ọmọ Yorùbá tó bá wọn ṣiṣẹ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún túmọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ka sílébù rẹ̀ pé, wọ́n sì gbé e lé ohùn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iye sílébù bára mu, ìró ohùn kò bára mu. Inú ìṣòro yìí ni iṣẹ́ Thomas King Ekundayo Phillips ti jáde. Bí a kò bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, oyè rẹ̀ lásán ni a ó máa kà.

Ọdún 1884 ni wọ́n bí i. Ó ti ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul, Breadfruit, l’Ékòó, kó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1911. Nígbà tó padà dé ní 1914, Kàtídírà Kristi ní Marina fi í ṣe atẹdùùrù àti ọ̀gá akọrin, ibẹ̀ ló sì wà títí di 1962. Ọdún 48 gbáko! Ẹni tó bá wà nípò yẹn ni yóò tẹ dùùrù, òun ni yóò yan orin, òun ni yóò to orin fún ohùn mẹ́rin, òun náà ni yóò jókòó ti àwọn ọmọdé tí kò tíì mọ sólùfá. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa orin máa ń ya títò, dídarí àti kíkọ́ni sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á sì gbé títò ga ju méjì yòókù lọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ fún Phillips. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ṣe: ó ń tọ́ etí àwọn èèyàn.

Ẹ wo títò orin ná. Ohùn mẹ́ta ni èdè wa ní, dò, re, mí sì ni olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọdé. Èyí kò ní kí orin Yorùbá má ju nótì mẹ́ta lọ. Ohun tí etí ń béèrè ni pé kí orin gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ bá gòkè, kó sì sọ̀ níbi tó bá sọ̀. Bí ìgòkè náà yóò ṣe ga tó, ọwọ́ ẹni tó ń kọ orin ló wà. Ṣùgbọ́n orin ìjọ ní ẹsẹ mẹ́rin, márùn-ún, lórí ohùn kan náà. Kí ẹsẹ kìíní bá ohùn mu kò le. Ẹsẹ kejì ni yóò tú àṣírí, nítorí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀. Ìdí nìyí tí Sáàmù fi rọrùn fún irú iṣẹ́ yìí ju orin ẹlẹ́sẹẹsẹ lọ: a lè fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀.

Ìṣòro báàsì le ju èyí lọ. Ká ní sopuránò ń kọ ‘ọkọ̀ Nóà’, ohùn rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe yẹ. Ohun tí wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù ni pé bí ohùn òkè bá ń sọ̀, ó dára kí báàsì máa gòkè pàdé rẹ̀. Bí báàsì bá ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, ọkọ́ ni Nóà gbé dání. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ máa rìn sí apá kan náà níbi tí ọ̀rọ̀ ti lè bàjẹ́, tàbí kí ohùn kan lé orin, kí àwọn yòókù gbè é. Etí tí orin Bach ti mọ́ lára yóò ní èyí fẹ́lẹ́, mo sì gbà pé òótọ́ wà nínú ẹ̀sùn náà. Mo tiẹ̀ rò pé òfin tó ń ṣọ́ gbogbo sílébù lè gba ìrọ̀rùn lẹ́nu orin. Onísákárà máa ń ré ìró ọ̀rọ̀ kan kọjá nígbà tí gbólóhùn bá ti là á yé olùgbọ́, kò sì sẹ́ni tó ń ṣì í gbọ́.

Phillips kọ́ ló kọ́kọ́ fura sí ìṣòro náà. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti ń kọ orin ìjọ lóhùn Ẹ̀gbá, ilé-iṣẹ́ Zonophone sì gba orin rẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Àmọ́ ẹni tó ní ẹ̀bùn lè mọ ohun tó tọ́ láìlè sọ ìdí rẹ̀. Phillips fẹ́ kí ìdí náà ṣeé fi kọ́ ẹlòmíràn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé tó pè ní Yoruba Music (African): Fusion of Speech and Music, tó jáde ní 1953. Ṣùgbọ́n kí ìwé náà tó jáde, ìgbà tí àwọn akọrin bá ń dánrawò ni ẹ̀kọ́ ti ń lọ, láti ẹnu dé etí, lọ́dọọdún. Èyí ni lámèyítọ́ wa máa ń gbójú fò, nítorí kò sí lórí pépà.

Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí wọ́n bí ní 1935 tó sì kú ní 1976, kọ́ dùùrù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀kọ́ náà dé Yunifásítì Èkó, níbi tóun náà ti ń kọ́ni tó sì ń darí akọrin. Fẹlá Ṣówándé ti ṣáájú rẹ̀ jáde láti ọ̀dọ̀ Phillips. Ṣówándé ló kọ African Suite ní 1944. Ohun tí Ṣówándé fi dùùrù ṣe ló wú mi lórí jù. Nínú iṣẹ́ bí Ọyígíyigì àti Ọbańgíjì, ó mú ohùn orin tí ìjọ ti mọ̀, ó sì yọ akọrin kúrò pátápátá. Síbẹ̀ Yorùbá tó bá gbọ́ ọ yóò máa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, bí a ṣe ń gbọ́ òwe lẹ́nu dùndún, nítorí ohùn orin ti gbé ìró ọ̀rọ̀ dání láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn nótì tó gbé sábẹ́ rẹ̀ nípọn, wọ́n sì ń yí kiri ju ohun tí ohùn ènìyàn mẹ́rin lè dáwọ́ lé láìba èdè jẹ́. Báàsì tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lè gba ibi tó wù ú lọ, kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tó lè bàjẹ́.