Ọpẹ́, Gbèsè àti Gbànjo: Àyẹ̀wò Fíìmù Thanksgiving ti Eli Roth

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òwe yìí fi àìmoore àti olè jíjà sí orí òṣùwọ̀n kan náà. Fíìmù Thanksgiving, tí Eli Roth darí, tí ó sì jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ṣe bí ẹni pé òwe náà kì í ṣe òwe mọ́: olè jíjà gan-an ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀ fún ọpẹ́. Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn ni pé ẹ̀rù inú fíìmù náà wá láti inú ọpẹ́ tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ín. Pé fíìmù náà mọ onígbèsè dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ó sá lọ ní ìparí. Eré Kongi's Harvest ti Wọlé Ṣóyínká ni òṣùwọ̀n tí bébà yìí yóò fi wọ̀n ọ́n.

Àhunpọ̀ Ìtàn

Ibùdó ìtàn ni ìlú Plymouth ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, níbi tí àwọn èrò ọkọ̀ Mayflower tẹ̀dó sí ní 1620. Thomas Wright, tí ó ni ilé ìtajà RightMart, ṣí ilẹ̀kùn ní alẹ́ Ọjọ́ Ìdúpẹ́ fún ọjà gbànjo tí wọ́n ń pè ní Black Friday. Jessica ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé ṣáájú àkókò. Àwọn èrò tí ó ti ń dúró lóde rí wọn, inú bí wọn, wọ́n sì já ilẹ̀kùn wọlé. Ẹ̀mí ṣòfò níbẹ̀; lára àwọn tí ó kú ni Amanda, ìyàwó máníjà.

Nígbà tí ọdún yípo, Wright tún fẹ́ pàtẹ gbànjo náà. Nígbà náà ni ẹnìkan tí ó fi ìbòjú John Carver, gómìnà àkọ́kọ́ ní Plymouth, bo ojú bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn tí ọwọ́ wọn wà nínú ọ̀ràn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ́ tábìlì, ó kọ orúkọ kálukú síwájú àga rẹ̀. Kathleen, ìyàwó Wright, ni ó sun nínú ààrò bí ẹní sun tòlótòló, òun náà ni ó sì gbé kalẹ̀ síwájú ẹbí rẹ̀.

Ìbòjú àti Ẹni Inú Rẹ̀

Òǹwòran Yorùbá kò ní í ṣàìrántí egúngún. Ní àkókò ọdún, ará ọ̀run a máa bẹ ọmọ-ilé wò. A gba ọpẹ́ wọn, a súre fún wọn, a sì lè bá ìwà ìbàjẹ́ wí láìsí ẹni tí yóò bi í pé ta ni ó rán an. Irú ipò bẹ́ẹ̀ ni Carver dì mú. Baba ńlá ìlú padà wá ní ọjọ́ ọdún, ó ń bi àwọn ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n fi oúnjẹ ọpẹ́ ṣe. Níwọ̀n ìgbà tí ìbòjú bá wà lójú rẹ̀, ìbéèrè gbogbo ìlú ni ó ń béèrè.

Ṣùgbọ́n ìbòjú ṣí. Eric Newlon, ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà, ni ó wà nínú rẹ̀; àlè Amanda ni, oyún rẹ̀ sì ni obìnrin náà ní nígbà tí ó kú. Ibí yìí ni àléébù fíìmù náà wà. Ọ̀ràn gbogbo ìlú di ọ̀fọ̀ ẹnìkan ṣoṣo. Wright yè é, ọ̀rọ̀ èrè tí ó ń wá ní alẹ́ ọjọ́ ọpẹ́ kò sì jẹ́ kókó ìtàn mọ́.

Orí Nínú Àwo

Ní 1965 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe Kongi's Harvest lórí ìtàgé. Ossie Davis sọ ọ́ di fíìmù ní 1970, Ṣóyínká fúnra rẹ̀ sì ṣe Kongi. Nítorí pé òǹkọ̀wé kò fọwọ́ sí bí fíìmù náà ṣe rí, ìwé eré ni bébà yìí gbé lé. Ọdún iṣu tuntun ni ọjọ́ ọpẹ́ tiwọn. Kongi ti Ọba Danlọ́lá mọ́lé, ó sì fẹ́ kí ọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé iṣu náà fún òun ní gbangba. Ohun tí ó jẹ́ ọpẹ́ fún òrìṣà àti alálẹ̀ ni ó fẹ́ sọ di ìṣákọ́lẹ̀. Ní ojú agbo ọdún, Ṣẹgi gbé àwo onídèérí wá síwájú rẹ̀, ó ṣí i: orí baba rẹ̀ tí wọ́n pa ni ó wà níbẹ̀.

Nínú eré méjèèjì, ara ẹbí ni ó di oúnjẹ ọdún. Ìyàtọ̀ wọn ni pé Ṣẹgi kò bo ojú, ó sì gbé òkú náà ka iwájú ẹni tí ó jẹ gbèsè rẹ̀. Baba rẹ̀ ni ó kú lóòótọ́, síbẹ̀ ọ̀fọ̀ náà kò kéré sí ti ìlú.

Òǹwòran Alímọ̀ṣọ́

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, tí ọdún bá ń parí lọ, àkókò ìkórè dé nìyẹn. Wọn a pe ẹbí kọ̀ọ̀kan lórúkọ, wọn a jó wá síwájú, wọn a sì lu iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti adìẹ tí wọ́n mú wá ní gbànjo. Ọ̀rọ̀ kan náà, gbànjo, ni àwọn tí ń ta òkìrìkà ń ké lọ́jà. Ẹni tí ó mú iṣu wá tayọ̀tayọ̀ mọ ẹni tí òun ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹ̀rù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹbí tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo mọ bí àyà ti í já nígbà tí orúkọ òun bá dún. Irú ẹbí bẹ́ẹ̀ yóò tètè lóye tábìlì Carver.

Ìkádìí

Ẹnìkan lè sọ pé eré lásán ni, nítorí pé ìpolówó ẹ̀fẹ̀ fún fíìmù tí kò sí ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nínú Grindhouse ní 2007. Àwíjàre yìí kò tó. Fíìmù tí ó bá fi òkú tẹ́ tábìlì ọpẹ́ ti gbà láti dáhùn ìbéèrè pé ta ni ó jẹ gbèsè. Ṣẹgi dáhùn rẹ̀. Roth béèrè rẹ̀ dáadáa, ó sì fi orúkọ ẹlòmíràn dáhùn.