Ọta Tí Ọwọ́ Wọ̀n

Àgbà ọdẹ kan ní Kàbà da ọta òjé sínú àwo, ó ń mú wọn ní méjì-méjì: ọ̀kan ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Kò tilẹ̀ wò wọ́n. Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó pààrọ̀ wọn kí ọwọ́ tó lágbára jù má bàa tàn án jẹ. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ̀kan padà sínú ìkòkò ìyọ́jé. “Inú èyí ṣófo,” ni bàbá wí.

Ara ọta náà ń dán, ó sì yípo. Ṣùgbọ́n bí òjé gbígbóná bá ń dì, ó lè há afẹ́fẹ́ mọ́nú. Ojú kò lè rí ihò yẹn; ìwọ̀n ní í tú u fó. Ẹ̀gbẹ́ kan ọta bẹ́ẹ̀ wúwo ju èkejì lọ, kì í sì lọ tààrà.

Òṣùwọ̀n oníná ni àwọn ayìnbọn ìdíje tó ń di ọta fúnra wọn ní Amẹ́ríkà fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Grain ni wọ́n fi ń wọ̀n, 7,000 rẹ̀ ló wà nínú pọ́n-ùn kan, òṣùwọ̀n náà sì ń ka ìdá kan nínú mẹ́wàá grain. Ọta tí wọ́n kọ 168 sí lára páálí rẹ̀ lè jẹ́ 167.8 tàbí 168.3, wọn a yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀tù kan náà ni yóò ti gbogbo wọn, èyí tó fúyẹ́ á sì yá jù. Bí ọ̀nà bá jìn, ibi tí wọn yóò bà á yàtọ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1897, nígbà tí ọmọ ogun Royal Niger Company, ẹgbẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, ti Lọ́kọ́jà wọ Kàbà, ilé iṣẹ́ ló ti bá wọn di ọta ìbọn Snider tí wọ́n gbé wá. Ṣùgbọ́n oníṣakabùlà bíi bàbá ọdẹ yìí ni ilé iṣẹ́ ara rẹ̀.

Lóòótọ́, inú ṣakabùlà ń dán, kò ní ìlà tí í mú ọta yí bíríbírí. Ní ogún ìṣísẹ̀, ìyàtọ̀ kékeré lè má hàn rárá. Síbẹ̀ n kò ní pe iṣẹ́ bàbá ní àṣejù. Ẹnu ni wọ́n ti ń ki ìbọn yìí, ẹ̀tù kó tó kan ọta, kí wọ́n sì fi ọ̀pá gún un le. Kí ọdẹ tó kì í lẹ́ẹ̀kejì, ìmàdò ti wọgbó, tàbí kí ó ti kọjú sí i.

Bàbá fọ ọwọ́ dáadáa, nítorí májèlé ni òjé. Àwọn ọta tó bára mu wọ àpò awọ kan. Àwọn tó wúwo jù wọ́n lọ, tí àwọn náà bára wọn mu, wọ òmíràn. Àpò kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n ẹ̀tù tirẹ̀.