‘Sọ̀rọ̀ Lórí’ Nínú Ìbéèrè Ìdánwò Yorùbá: Kí Ni A Rí Sí I?

Nínú àwọn gbólóhùn tí ó ti di bárakú fún àwa olùkọ́ Yorùbá nígbà tí a bá ń ṣètò ìbéèrè ìdánwò, ekukáká ni a fi lè rí èyí tí ó wọ́pọ̀ tó ‘Sọ̀rọ̀ lórí’. A ń bá a pàdé nínú ìdánwò ìparí sáà, a ń bá a pàdé nínú ìdánwò àṣekágbá, àwọn olùkọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn sì ti ń kọ ọ́ bí ẹni pé inú ẹnu àwọn baba wa ni ó ti wá. Orísun rẹ̀ kò fara sin. Inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ rí bí a ti ń ṣe ìbéèrè ìdánwò. A bá ‘comment on’ níbẹ̀, a sì gbé e wálé: ‘comment’ di ‘sọ̀rọ̀’, ‘on’ di ‘lórí’. Èrò tiwa ni pé ìtumọ̀ yìí kò gbé iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì fi gbólóhùn náà rán ọmọ dé etí ọmọ, àti pé máàkì ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń san gbèsè náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe ẹ̀tọ́ fún Gẹ̀ẹ́sì. Nínú èdè yẹn, ‘on’ tí ó tẹ̀lé ‘comment’ kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú òkè tàbí orí ohunkóhun. Ó kàn bá ọ̀rọ̀-ìṣe náà rìn ni. Àwọn ọmọ wa máa ń kọ ‘comment about’ nítorí pé ‘nípa’ ni ó wà lọ́kàn wọn, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì a sì fi yíǹkì pupa tún un ṣe sí ‘on’. Irú àṣìṣe kan náà ni àwa ń ṣe sí Yorùbá láti òdìkejì, ṣùgbọ́n yíǹkì pupa wà lọ́wọ́ àwa fúnra wa, a kò sì fà á.

‘Lórí’, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti mọ̀, ‘ní’ àti ‘orí’ ni ó para pọ̀ di í. Ìwé wà lórí tábìlì. Ẹyẹ bà lórí igi. A kò sọ pé Yorùbá kì í lò ó fún ọ̀rọ̀ rárá. Níbi tí awuyewuye bá wà, ó jókòó dáadáa: a jiyàn lórí àkọtọ́ títí ìjọba fi fọwọ́ sí ti 1974, a sì lè sọ pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń jà lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà. Ní Ọ̀fà níhìn-ín, níbi tí ìjàkadì ti jẹ́ nǹkan orò, bí ẹnìkan bá ní àwọn méjì ń jà lórí ilẹ̀, ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò béèrè bóyá ilẹ̀ ni wọ́n ń dù ni, tàbí ọ̀kan ti da èkejì. Ní ti ‘sọ̀rọ̀’, Yorùbá ní ‘sọ̀rọ̀ lé e lórí’, iṣẹ́ tirẹ̀ sì yàtọ̀: bàbá tí ó gbé ọwọ́ lé ọmọ tí ó sì súre fún un ni ó sọ̀rọ̀ lé ọmọ lórí. Kò sí olùdánwò tí ó ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wúre lé ewì lórí.

Àbùkù tí ó tóbi jù ni pé gbólóhùn kan ṣoṣo yìí ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. Ìwé ìdánwò Yorùbá wa pín sí èdè, lítíréṣọ̀ àti àṣà. Nínú èdè, bí a bá kọ ‘Sọ̀rọ̀ lórí àrànmọ́’, àlàyé àti àpẹẹrẹ ni a ń retí, irú bí ilé ìwé tí ó di iléèwé. Nínú àṣà, ‘Sọ̀rọ̀ lórí ìsìnkú àgbà’ ń fẹ́ kí ọmọ ròyìn bí wọ́n ti ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí a bá dé inú lítíréṣọ̀, tí a kọ ‘Sọ̀rọ̀ lórí ìlò òwe nínú àyọkà yìí’, a ń fẹ́ kí ọmọ wo iṣẹ́ òǹkọ̀wé kí ó sì dá a lẹ́jọ́. Àlàyé, ìròyìn, ìdájọ́: báwo ni ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ṣe fẹ́ mọ èyí tí a ní lọ́kàn?

Ẹ wo oríkì orílẹ̀ àwọn ọmọ Ọlọ́fà. Láti ìgbà tí Adébóyè Babalọlá ti gbé Àwọn Oríkì Orílẹ̀ jáde ní 1967 ni ó ti rọrùn fún olùkọ́ láti fi irú ewì bẹ́ẹ̀ kọ́ni láti inú ìwé. Ká ní a fún kíláàsì kan ní oríkì Ọ̀fà, tí a sì kọ ọ́ pé ‘Sọ̀rọ̀ lórí ìjàkadì nínú oríkì yìí’. Akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò kọ ìtàn bí ìjàkadì ti ṣe di ti Ọ̀fà, bí òbí rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un. Òmíràn yóò ṣàlàyé bí a ti ń jà á, bí a ti ń di ara mú, ìgbà tí a ń sọ pé ẹni kan ti dá èkejì. Ẹ̀kẹta nìkan ni yóò béèrè ìdí rẹ̀ tí akéwì fi ń mẹ́nu ba ìjàkadì léraléra, iyì tí ó fi kún orúkọ ìdílé náà, àti bí ìró ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ti bá ìjà mu. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ti sọ̀rọ̀. Bí ìlànà ìmáàkì bá fún ẹ̀kẹta nìkan ní máàkì, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ àwọn méjì yòókù?

Ọ̀rọ̀ yìí tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ tí Yorùbá kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀. Ìlú ojú irin ni Ọ̀fà. Àlejò pọ̀ nínú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Kwara kan náà ni ó kó Yorùbá, Tápà àti Ìbàrìbá mọ́ra. Ọmọ Tápà tí ó jókòó nínú kíláàsì wa kò ní ìyá-ìyá tí yóò bi léèrè nílé; ohun tí ìbéèrè sọ ni ó mọ̀. Bí ìbéèrè bá ṣókùnkùn, òun ni ó kọ́kọ́ ń kọsẹ̀.

Kí ni kí a wá kọ? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ni a ń wá. Nígbà tí Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní 1984 lábẹ́ àmójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, a rí orúkọ fún ohun púpọ̀ tí a kò rí pè tẹ́lẹ̀. Èyí tí à ń sọ yìí kò tilẹ̀ nílò ìgbìmọ̀, nítorí pé ó ti wà nínú ọ̀rọ̀ kan tí àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń lò. Ọ̀rọ̀ náà ni àríwísí. Ẹ tú u palẹ̀: à, rí, wí, sí. Ẹni tí ó ṣe àríwísí rí nǹkan, ó sì wí ohun kan sí i. ‘Sí’ ni Yorùbá fi parí rẹ̀. Kò fi ‘lórí’ parí rẹ̀. (Pé àwọn kan ti sọ àríwísí di bíbu ẹnu àtẹ́ lu ìwé oníwèé, ẹ̀bi àwọn tí ń ṣe é ni, kì í ṣe ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà.)

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lẹ́nu àwọn àgbà. Nígbà tí a bá gbé ẹjọ́ sílẹ̀ níwájú wọn tí tọ̀tún-tòsì ti rojọ́ tán, olórí ìjókòó kì í ní kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lórí ẹjọ́ náà. Ohun tí yóò wí ni pé, ‘Kí ni ẹ rí sí i?’ Ẹni tí kò fẹ́ sọ nǹkan a ní òun kò ní ohun tí òun yóò sọ sí i. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ń hó nínú rẹ̀ a tọrọ àyè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dá sí i. Ohun tí ó dùn mọ́ wa jù nínú ‘Kí ni o rí sí i?’ ni pé rírí ni ó ṣáájú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bi bẹ́ẹ̀ kò lè kọ pé ewì náà dùn kí ó sì gbé kálàmù sílẹ̀. Ó di dandan kí ó nawọ́ sí ohun tí ó rí nínú ewì. ‘Sọ èrò rẹ’, tí àwọn kan fi ń rọ́pò ‘Sọ̀rọ̀ lórí’, kò béèrè tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra. ‘Rí sí’ lásán, tí ‘kí ni’ tàbí ‘ohun tí’ kò ṣáájú rẹ̀, bíbójú tó nǹkan ni ó túmọ̀ sí. Bí a bá kọ ‘Rí sí ìlò òwe inú àyọkà yìí’, a ti ní kí ọmọ lọ ṣe ìtọ́jú òwe nìyẹn. Bákan náà, ‘sọ̀rọ̀ sí’ tí a bá fi ènìyàn tẹ̀ lé, ìbáwí tàbí èébú ni: ‘Ó sọ̀rọ̀ sí mi’ kì í ṣe ìyìn. Nítorí náà, ‘Kí ni o rí sí ìlò òwe nínú àyọkà yìí?’ tàbí ‘Wí ohun tí o rí sí ìlò òwe nínú àyọkà yìí’ ni ó tọ̀nà. Níbi tí a bá ti ń fẹ́ àlàyé, kí a kọ ‘Ṣàlàyé’. Níbi tí ó bá jẹ́ ìròyìn, ‘Ròyìn bí a ti ń ṣe’. ‘Sọ̀rọ̀ nípa’ mọ́ ju ‘Sọ̀rọ̀ lórí’ lọ ní ti gírámà, àmọ́ kò sọ irú ọ̀rọ̀ tí a fẹ́. Ní ti ‘Jíròrò lórí’, ìjíròrò ń fẹ́ ju ẹnìkan lọ. Ọmọ tí ó bá jíròrò nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, a óò gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ‘Sọ̀rọ̀ lórí’ ti pẹ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ti mọ ohun tí a ń fẹ́. Àwọn tí olùkọ́ wọn ti kọ́ ní àṣírí rẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n. Títí tí a ó fi yọ gbólóhùn náà kúrò nínú ìbéèrè wa, ohun tí a ń bẹ àwọn olùmáàkì ni pé kí wọ́n pa ojú ìlànà tì díẹ̀ tí wọ́n bá bá a pàdé. Kí ọmọ tí ó ròyìn, tí ìròyìn rẹ̀ sì péye, gba máàkì ìròyìn. Kí ẹni tí ó ṣàlàyé gba ti àlàyé. Kí olórí àwọn olùmáàkì sì kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ rẹ̀ pé ìbéèrè ni ó ṣókùnkùn, kí ó má kọ ọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò lóye ìbéèrè.