Ìpolówó Ọjà: Láti Agbálátà dé Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Òwe yìí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn tí ó ń kọ́ oníṣòwò kéékèèké bí a ti ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọn a ní kí ó máa ké ọjà rẹ̀ bí ìyá àgbà rẹ̀ ti ṣe. N kò lòdì sí ìmọ̀ràn náà, ṣùgbọ́n ariwo nìkan ni ó dà bí ẹni pé wọ́n rí mú nínú ìpolówó. Lójú tèmi, ohùn dídùn nìkan kọ́ ni ó ń ta ọjà láyé àtijọ́. Ẹ̀rí tí ó wà lẹ́yìn ohùn náà ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi Àgbádárìgì ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí igi àgbọn ti tò lọ bẹẹrẹ létí òkun. Ní ọjà Agbálátà, àwọn Ògù tí à ń pè ní Ègùn, àwọn Yorùbá, àti àwọn alájàpá tí ó ń ti ilẹ̀ Benin wá a máa pàdé. Ẹni tí yóò polówó nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò sọ tí èrò yóò fi dúró. Kì í kàn dárúkọ ọjà lásán. Ẹlẹ́kọ a máa pe ooru ẹ̀kọ. Ẹlẹ́ja a máa pe omi tí ẹja ti wá. Ohun tí ẹnu yóò mọ̀ ni ó ń sọ kí ẹnu tó tọ́ ọ wò. Abájọ tí àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn fi ka ìpolówó ọjà mọ́ ewì.

Ewì yìí kò ṣàì ní àbùmọ́, ṣùgbọ́n àbùmọ́ náà kò lè ṣi ènìyàn lọ́nà jìnnà, nítorí pé ọjà wà lórí ẹni tí ó ń ké. Bí ó bá ní ẹ̀kọ gbóná, ọwọ́ ni a ó fi kàn án. Ẹni tí ó ń ta àdín àgbọn a kán díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ rà; onítọ̀hún a fi para, a sì gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọn a tó dúnàádúrà, ní etígbọ̀ọ́ àwọn tí ó wà ní ìsọ̀ kejì. Bí wọ́n bá parí rẹ̀, èènì a tẹ̀ lé e, kí oníbàárà lè padà wá. Bí àdín náà bá sì bàjẹ́, ẹni tí ó rà á mọ ìsọ̀ tí yóò padà sí, ó sì mọ ìyálọ́jà tí yóò fi ẹjọ́ sùn.

Wàyí o, ẹ wo irú ìkéde tí àwọn aládìín àgbọn máa ń gbé sórí WhatsApp tàbí Instagram: "Àdín àgbọn pọ́ńbélé láti Àgbádárìgì! Ó ń mú ara dán. Ẹ wá béèrè iye rẹ̀ ní kọ̀rọ̀." Àwòrán ìgò kan tí ó ń dán a wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ti ohùn, ìkéde yìí kò burú. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí ohun tí a lè fọwọ́ kàn nínú rẹ̀. Àwòrán náà lè jẹ́ ti ẹlòmíràn. "Pọ́ńbélé" kò ní ẹlẹ́rìí. Orúkọ ìlú wà níbẹ̀, ìsọ̀ kò sí.

Àwọn kan yóò sọ pé fífi iye pamọ́ bá àṣà mu, nítorí pé a kì í kọ iye sára ọjà ní Agbálátà. N kò gbà. Ìta gbangba ni a ti ń ná ọjà: ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọ́ iye tí mo san, èmi náà gbọ́ tirẹ̀. Ní kọ̀rọ̀, òǹtajà lè kọ́kọ́ wo àwòrán mi kí ó tó bu iye fún mi. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2018 pàápàá ní kí ẹni tí ó bá pàtẹ ọjà fi iye rẹ̀ hàn.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ẹwà èdè lọ. Nígbà tí owó náírà ọ̀wọ́n gógó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ó di dandan fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti máa fi fóònù sanwó. Ẹni tí ó ń rà ń bẹ̀rù pé owó lè lọ kí ọjà má dé. Ẹni tí ó ń tà ń bẹ̀rù àtẹ̀jíṣẹ́ èké tí yóò sọ pé owó ti wọlé. Ilé-iṣẹ́ ńlá ni irú ìbẹ̀rù yìí ń gbè, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀. Obìnrin tí ó ń sè àdín ní ẹ̀yìnkùlé ni yóò pàdánù, bí àdín tirẹ̀ tilẹ̀ dára jù.

Kí ni ó wá yẹ kí obìnrin yìí gbé láti ọjà dé orí fóònù? Kí ó jẹ́ kí a rí i bí ó ti ń rin àgbọn, bí ó ti ń fún un, bí ó ti ń sè é títí òróró fi léfòó. Ìyẹn ni yóò dípò kíkán sí ẹ̀yìn ọwọ́. Kí ó sọ iye ní gbangba, kí ó sì gbà kí a ná an. Kí ìgò kékeré bá ìgò ńlá lọ gẹ́gẹ́ bí èènì. Kí ó má ṣe pa ẹ̀sùn oníbàárà rẹ́. Kí ó dáhùn rẹ̀ níbi tí gbogbo ayé yóò ti kà á. Kí àwọn aládìín sì ní ẹgbẹ́ tí yóò máa ṣe ìyálọ́jà láàárín wọn àti àwọn tí ó ń rà.

Wọ́n ní òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Òwe yìí kò ní kí a fi òótọ́ sílẹ̀ nílé. Mo gbà pé ó ń kìlọ̀ fún olóòótọ́ pé kí òun náà mọ bí a ti ń polówó, kí ó má baà jẹ́ pé ohùn èké nìkan ni yóò máa ròkè lọ́jà.