Ògbufọ̀ tó ń jẹ́rìí fún ẹni tí kò rí: àyẹ̀wò xen-acpi-processor.c

Ní ìgbèríko Adja-Ouèrè, bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá dé tó ń sọ Faransé, a ó wá ẹni tó gbọ́ Faransé àti Nàgó kó ṣe ògbufọ̀. Òṣìṣẹ́ ní àṣẹ, kò gbọ́ Nàgó; ògbufọ̀ gbọ́ Nàgó, kò ní àṣẹ. Irú àjọṣe yìí ni mo bá nínú xen-acpi-processor.c, fáìlì tó wọ Linux 3.4 ní 2012.

Xen jẹ́ hypervisor: òun ló ń pín processor fún àwọn ètò tó wà lórí rẹ̀. Òun náà ló lè mú processor sùn tàbí kó dín eré rẹ̀ kù, kí iná má baà ṣòfò. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe ẹ̀rọ fi èdè AML kọ àlàyé oorun àti eré yìí sínú ACPI, Xen kò sì lè túmọ̀ AML. Linux tó wà ní dom0 ló ń kà á, tó sì ń fi ìpè XENPF_set_processor_pminfo jíṣẹ́ rẹ̀ fún Xen.

Mo yin bí fáìlì náà ṣe mọ ààyè rẹ̀. Upload_pm_data ni ó pe iṣẹ́ rẹ̀: ó ń jíṣẹ́, kò pàṣẹ. Orúkọ ìpè Xen, tó ní set nínú, ló lè ṣi ònkàwé lọ́nà.

Àbùkù wà níbì kan. Bí processor tí dom0 rí kò bá tó iye tó wà nínú ẹ̀rọ, fáìlì náà á wá nọ́ńbà àwọn yòókù nínú ACPI, á sì fi ẹ̀dà àlàyé ẹyọ kan, pr_backup, ròyìn fún wọn. Èyí dára bí gbogbo wọn bá bára mu. Ṣùgbọ́n nínú Alder Lake ti Intel, tó jáde ní 2021, oríṣi méjì lè wà nínú ẹ̀rọ kan. Ó dà bí ògbufọ̀ tó bi olóko ilẹ̀ pupa léèrè, tó wá dáhùn fún olóko ilẹ̀ amọ̀ dúdú.

Yorùbá ya "mo rí i" sọ́tọ̀ kúrò lára "wọ́n ní". Àlàyé tí Xen ń gbà kò ní àmì kankan tó ya ohun tí a kà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a fi ẹlòmíràn rò. Àmì kan ṣoṣo ì bá tó. Láìsí i, Xen á gba àbá bí ẹ̀rí.