Mìlímítà Kan Péré: Ìwé Ìlànà 2017 Lórí Fáàfù Ọkàn Tó Ń Jò

Ní 2017, William Zoghbi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé ìlànà kan jáde lórúkọ American Society of Echocardiography, lórí bí a ṣe ń mọ bí fáàfù ọkàn ṣe ń jò tó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 70 ojú ewé. Zoghbi yìí kan náà ló ṣáájú àwọn tó kọ ti 2003. Lọ́tẹ̀ yìí ó pe àwọn onímọ̀ MRI ọkàn mọ́ra.

Ohun tí mo kọ́kọ́ yìn ni bí ìwé náà kò ṣe jẹ́ kí àwọ̀ tan dókítà jẹ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sẹ́yìn máa ń yọ mèremère lójú ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn (echo), ojú a sì tètè gbà pé bí àwọ̀ náà bá ṣe fẹ̀ tó ni jíjò náà ṣe pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyára ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kùn láwọ̀, kì í ṣe iye rẹ̀. Bí ìfúnpá aláìsàn bá lọ sókè, àwọ̀ á fẹ̀ sí i. Bí ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò bá yí bọ́tìnnì kan, á súnkì. Ẹ̀jẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ jò, tó lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá òkè ọkàn, ló tún wá burú jù: ó lè pọ̀ gan-an kó sì jọ ohun tí kò tó nǹkan.

Ọwọ́ mi lọ́ra díẹ̀ láti yìn ín nídìí ìṣirò tí wọ́n ń pè ní PISA. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń súnmọ́ ihò tó fẹ́ gbà jò, á máa yára sí i, á sì kó ara rẹ̀ jọ bí ààbọ̀ ọsàn. A ó wọn láti ojú ihò dé etí ààbọ̀ ọsàn yẹn, a ó fi ìwọ̀n náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, a ó tún fi 6.28 àti ìyára ẹ̀jẹ̀ létí ibẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, kí a tó fi ìyára tó ga jù nínú ihò pín in. Ìwọ̀n ihò ló jáde yẹn. Fún fáàfù mitral (èyí tó wà láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn lápá òsì) tó bàjẹ́ fúnra rẹ̀, 0.40 cm² sókè ni wọ́n kà sí jíjò tó le. Ẹ jẹ́ ká gbé e wò. Ká ní ìyára létí jẹ́ 40 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tinú ihò sì jẹ́ 500. Bí a bá wọn 0.9 sẹ̀ǹtímítà, 0.41 la ó rí: ó le. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ sí 0.8, ó di 0.32: kò tíì le. Mìlímítà kan péré, lórí ohun tí kò dúró sójú kan, lè yí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ padà sí "ẹ lọ, ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Àwọn tó kọ ìwé náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ pé bí ihò bá gùn tẹ́ẹ́rẹ́, bó ṣe máa ń rí nígbà tí ọkàn fúnra rẹ̀ bá ti fẹ̀, ìṣirò á dín in kù; bó bá jẹ́ ìgbà tí ọkàn fẹ́ parí fífún ẹ̀jẹ̀ jáde nìkan ló ń jò, á bù ú pọ̀. Nọ́ńbà kan ò gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́: ó kéré tán, àmì mẹ́rin tó fẹnu kò ni wọ́n ń wá kí wọ́n tó ní ó dájú pé ó le. Síbẹ̀, nọ́ńbà rọrùn há sórí ju ìkìlọ̀ lọ.

Ọdún kan lẹ́yìn ìwé náà ni ìwádìí méjì, MITRA-FR àti COAPT, fi ohun kékeré kan di fáàfù mú fún irú àwọn tí ọkàn wọn ti fẹ̀. COAPT ṣe wọ́n láǹfààní, MITRA-FR kò ṣe é. Ihò àwọn ti COAPT tóbi jù, ọkàn wọn kò sì fẹ̀ tó ti àwọn yòókù. Ìwọ̀n ihò nìkan, láìwo yàrá ọkàn tó ń jò látinú rẹ̀, kò tó.

Tá a bá dé Nàìjíríà, níbi tí àìsàn ọ̀fun tí wọn ò tọ́jú ṣì ń ba fáàfù ọkàn àwọn ọmọdé jẹ́, ìmọ̀ràn pé kí a lọ ṣe MRI bí àwọn àmì ò bá bára mu kò rọrùn tẹ̀ lé, torí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, owó rẹ̀ sì wọ́n. Tábìlì tó to àléébù ọ̀nà ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ni mo máa ní kí dókítà tó wà níbẹ̀ kọ́kọ́ kà, kó tó kan èyí tó pín jíjò sí kékeré, àárín àti líle.